Ẹ̀ṣọ́ Tí O Pa Lẹ́nu Mọ́

Ìkòsì, Kétu,
Èkó.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin.

Mùtíù, ọmọ ìyá mi,

Mo kí ọ, mo kí Karimot ìyàwó rẹ, mo sì kí àlejò tuntun tó dé sí ilé yín lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ kú ewu ọmọ. A dúpẹ́ pé ìyá wà láyọ̀, ọmọ wà láyọ̀. Ara tiwa náà le níhìn-ín, àyàfi ibi tí kò le mọ́. Bó bá jẹ́ pé orí ìdúró lo wà, wá ibi kan jókòó sí.

Mo rí ohun tí o kọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti fèsì síbẹ̀. Àbúdù, dírẹ́bà tó ń ná Kétu sí Àkúrẹ́, ni mo fi ìwé yìí rán, mo sì ní kó má fún ẹlòmíràn, kó fi í lé ọ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ kì í dé etí rẹ. Wàá mọ ohun tí mo ń sọ kí o tó kà á tán.

Nǹkan méjì lo béèrè. O ní o ti ra laptop tuntun, ẹni tó tà á fún ọ ní àfi kí o ra antivirus sí i, ọ̀rẹ́ rẹ sì ní owó ọ̀fẹ́ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, pé ṣe ló máa ń mú kí ẹ̀rọ falẹ̀. O ní kí n bá ọ bi Bọ̀dá Dayọ̀, ọkọ mi, pé kí ló rò. Èkejì, o ní nítorí pé Bọ̀dá kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, kí a gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ bọ̀ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí a tan ohùn tó gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kó lè gbàdúrà fún ọmọ. O fi àmì ẹ̀rín sí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Mùtíù, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè méjèèjì ní, mo sì fẹ́ fún ọ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán ọ létí ẹni tí Olúdayọ̀ jẹ́ sí ọ, torí ó dà bíi pé Àkúrẹ́ ti mú kí o gbàgbé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́ nígbà tí ìyá wa tẹ̀lé bàbá wa lọ sọ́run, tí mo lọ mú ọ wá láti Ìsẹ́yìn. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Àwọn ẹbí wa ń sọ pé onígbàgbọ́ ni ọkọ mi, pé á fà ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló ń jí ọ kírun àsùbáà? Èmi ń sùn ni o. Òun ló máa dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, á fi ohùn tíṣà rẹ̀ pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ojúlé mẹ́fà tó wà nínú ilé á jí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. A pè é ní eruku ṣọ́ọ̀kì. Nígbà tí a fi máa dé ọsibítù ní oṣù kẹwàá, dókítà ní jẹjẹrẹ ti jókòó sí gògóńgò rẹ̀, àfi kí wọ́n gé e kúrò. Ó ní ẹ̀mí á dúró, ohùn á lọ. Bọ̀dá rẹ bi í pé ọjọ́ mélòó ló kù fún ohùn náà. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló fi kó ohùn rẹ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Á wọ yàrá, á ti fèrèsé nítorí ariwo àwọn tírélà tòmátì tó ń lọ sí Mile 12, á fi aṣọ bora mọ́ kọ̀ǹpútà, á máa sọ̀rọ̀. Bó bá jáde, òógùn á ti bò ó. Ó ka Sáàmù. Ó pe orúkọ Ìlérí, ọmọ kan ṣoṣo tí a fi ọdún mọ́kànlá wá, ní oríṣi ọ̀nà méje: bó ṣe ń pè é bó bá fẹ́ rán an níṣẹ́, bó ṣe ń pè é bó bá ṣẹ̀, bó ṣe ń pè é nígbà tó wà ní ìkókó. Ó bá mi jà nínú ọ̀kan, ó ní bí àárò ìjà bá ń sọ mí, kí n lè rí nǹkan gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélógójì.

Kí n má purọ́, èmi náà kò fẹ́ràn antivirus inú kọ̀ǹpútà yẹn. Aláròyé ni mo ń pè é. Kò sígbà tí kì í yọ ní kọ̀rọ̀ apá ọ̀tún, á ní òun ti yẹ fíláàṣì wò, òun ti rí tibí, òun ti rí tọ̀hún. Èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá ni o, a kò rà á. Mo bi bọ̀dá rẹ pé kí ni kọ̀ǹpútà tí kò lọ síbi burúkú fẹ́ fi ẹ̀ṣọ́ ṣe. Ó ní, “Tàwà, àwọn ará Magodo ní géètì, wọ́n ní máígáàdì, síbẹ̀ wọ́n ń ti ilẹ̀kùn yàrá wọn.” Ó ní kì í ṣe ibi tí kọ̀ǹpútà ń lọ ni kí n máa bẹ̀rù, àlejò tó ń wá bá a nílé ni. Mo rò pé fíláàṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ń sọ. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Àṣé ìwọ ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ tí a fẹ́ lọ gba bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù lo dé. O ní ilé iṣẹ́ Àkúrẹ́ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà, pé tìrẹ ti bàjẹ́. Mo ní rárá. Bọ̀dá rẹ ní kí n gbé e fún ọ, pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọmọ ni. O gbé e lọ, àti fíláàṣì kékeré tí a ṣe ẹ̀dà gbogbo ohùn náà sí, tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rántí yọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago méje, ọkàn bọ̀dá rẹ kò balẹ̀. O mọ̀ pé kì í fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù. Tíṣà Yorùbá ni, àmì ohùn gan-an ló máa ń tẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí n bá òun di fóònù òun mú, ó sì sọ̀rọ̀ sí i. Mo wà níbẹ̀, n kò gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: “Mùtíù, o kú ìmúra o. Nǹkan kékeré tó ń yọ ní kọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀ṣọ́ ni. Bó bá pariwo, gbọ́ tirẹ̀. Má pa á. Gbogbo ohùn mi ló wà níbẹ̀. Ọlọ́run á ṣe é ní rere fún ọ, ọmọ mi.”

O fi àtàǹpàkò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Àmì tó máa ń di búlúù bí èèyàn bá ti gbọ́ ohùn kò di búlúù. Bọ̀dá rẹ wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ yìí ò tíì gbọ́, ó ti gbà.” Bí a ṣe jáde nílé nìyẹn.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí o ṣe, bí ẹni tó yẹ kọ̀ǹpútà náà wò lẹ́yìn náà ṣe tú u fún mi. O fẹ́ ṣe fídíò kékeré kan tí o máa fi han àwọn ará Àkúrẹ́. Owó ni wọ́n fi ń ra ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀rẹ́ rẹ sì fún ọ ní ayédèrú lọ́fẹ̀ẹ́. Antivirus pariwo. Ìwé tó wà nínú ayédèrú náà ní kí o kọ́kọ́ pa antivirus. Ìwọ, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, o pa á. Olè ní kí o bá òun so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, o ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n wá okùn. O rí iṣẹ́ rẹ. O dá kọ̀ǹpútà padà fún Ìlérí lẹ́nu ọ̀nà, o ní kó bá ọ kí wa, o sì wọkọ̀.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún tí a dé ọsibítù ni wọ́n dá bọ̀dá rẹ sílẹ̀. Ìlérí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ń ka ọjọ́ lọ́dọ̀ alábàágbé wa. Mo ti ṣèlérí fún un pé bí Daddy bá dé, a ó ṣí kọ̀ǹpútà, á sì gbọ́ bó ṣe ń pe orúkọ òun. Bọ̀dá rẹ jókòó sáàárín wa, báńdéèjì lọ́rùn, ihò tó fi ń mí ń dún fíì, fíì. Ó tan kọ̀ǹpútà. Ojú kọ̀ǹpútà pupa láti òkè délẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní èdè òyìnbó pé àwọn ti ti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ pa, kí a wá ra kọ́kọ́rọ́. Ó ti fíláàṣì bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́, ó tún tì í bọ̀ ọ́; wọ́n ti ti ìyẹn náà pa. Lẹ́yìn náà ó ya ẹnu láti ké. Mùtíù, kò sóhun tó jáde. Mo wo ọkọ mi tó ń ké tí kò dún. Ìlérí ló bá a ké e.

Mutolib tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kétu gbé e fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní àwọn tó tì í nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́, pé àwọn tó sanwó gan-an, ọ̀pọ̀ kì í rí nǹkan gbà. Ó ní ọ̀tá náà ti wọlé, ó lúgọ, ó wá ń jẹ nǹkan lọ nígbà tí Ìlérí tan kọ̀ǹpútà láti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ṣí ibi tí antivirus ń kọ ìtàn ara rẹ̀ sí, ó fi hàn mí: ọjọ́ Ajé yẹn, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, wọ́n pa á. Ohùn bọ̀dá rẹ tó ní kí o má pa á ti wà nínú fóònù rẹ fún wákàtí mẹ́ta.

Mo gbé fóònù láti pè ọ́, kí n bú ọ débi tí orúkọ rẹ máa fi sú ọ. Bọ̀dá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó kọ ọ́ sórí pátákó kékeré tó fi ń bá wa sọ̀rọ̀ báyìí: “Má sọ fún Mùtíù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.” Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu fún oṣù márùn-ún.

Ohun tó jẹ́ kí n ṣẹ̀ ẹ́ lónìí ni Ìlérí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo mọ ìdí tí ọmọ náà kò fi ń fọwọ́ kan fóònù, tí kò fi ń tan tẹlifíṣàn. Ó bi mí bóyá Ọlọ́run á dárí ji òun. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Mutolib, ó sì rò pé òun lòun pa ohùn bàbá òun. Oṣù márùn-ún ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fi ru ẹrù rẹ, nítorí pé a ń bò ọ́ láṣìírí. Lọ́jọ́ kejì ni WhatsApp rẹ dé, tòun ti àmì ẹ̀rín. Mo sọ fún ọ, bí o bá wà nítòsí mi lọ́jọ́ yẹn, ìwọ gan-an ni wọn ì bá máa wá ohùn rẹ.

Nǹkan kan kù. Àwọn olè náà kò pa orúkọ àwọn ohùn náà rẹ́, ìrù àjèjì lásán ni wọ́n so mọ́ ọn. Mo ka gbogbo orúkọ náà. Èyí tó kẹ́yìn, ìkọkànlélógójì, “Ìwúre fún àkọ́bí Mùtíù” ni bọ̀dá rẹ pè é. O kò tíì gbé Karimot wọlé, a kò sì tíì gbọ́ pé oyún wà, nígbà tó gbà á sílẹ̀. Ohun tó sọ níbẹ̀, n kò mọ̀, kò jẹ́ kí n gbọ́. Nítorí náà, a kò ní lè gbé ohùn wá síbi ìsọmọlórúkọ. O ti gba ẹ̀bùn tìrẹ ṣáájú, o sì ti jẹ́ kí wọ́n tì í pa.

Wọ́n gba fóònù bọ̀dá rẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Mile 12 nínú oṣù kìíní; kò lè pariwo olè. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kù tí kò tíì fọ́. Ohùn àárọ̀ ọjọ́ yẹn wà nínú fóònù rẹ, níbi tí o kò ti gbọ́ ọ. Òun nìkan ló kù láyé. Wá a, Mùtíù. Fi ránṣẹ́ kí o tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, pe Ìlérí, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe fún un.

Kí Ọlọ́run wo ọmọ náà fún yín. Kó dàgbà, kó gbọ́n jù ọ́ lọ. Kí ohùn tìrẹ má tán lọ́fun rẹ kí ọmọ rẹ tó mọ̀ ọ́n. Kí o pẹ́ láyé, kí o sì máa rántí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó tọ́ ọ,
Tàwàkálítù.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan: Mo ti ń lẹ ìwé yìí pa nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo pe Karimot. Ó ní o ti fi fóònù àtijọ́ ṣe pààrọ̀ tuntun láti oṣù kejì, pé ìwọ fúnra rẹ lo pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, o ní kò sí nǹkan gidi níbẹ̀. Nítorí náà má wá nǹkan kan mọ́. Pe Ìlérí. Ní ti laptop rẹ, mo bi Bọ̀dá bí o ṣe ní kí n bi í. Ó gbé pátákó, ó kọ ọ́ fún ọ pé èyí tó bá a wá ti tó, kí o má wulẹ̀ ra òmíràn. Kí o ṣáà má pa á.