Iṣan Ẹsẹ̀ Àjíbíkẹ́ Tó Já

Mowe,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Àǹtí Ròkíátù,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Mowe níbí. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ifọ̀? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Àdúrà mi ni pé kí Allah jẹ́ kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ wúwo.

Ẹ dárí jì mí. Nígbà tí ẹ pè mí lórí fóònù lóṣù kẹfà, mo ní Àjíbíkẹ́ ọmọ mi kàn fẹsẹ̀ rọ́ ni. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú títí ó fi pé ọmọ ọdún méjìlá, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ sí yín létí. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Ẹ rántí pé táífọ́ọ̀dù dá a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ààwẹ̀. Nígbà tó fi dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rù kan egungun. Ìdíje eré sísá tí wọ́n ti fẹ́ yan àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ wa ò ju oṣù kan lọ mọ́. Ó ní ká jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀. Èmi ni mo kọ̀. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní eré ìdárayá fún ọdún méjìlélógún, mo rò pé mo mọ ara ènìyàn.

Ojoojúmọ́ ni mo ń mú un lọ sí ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán ní Magboro, kó máa fò gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ ti padà, ó le koko, eré rẹ̀ sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ń fi yangàn fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló sọ fún mi pé, "Dádì, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi máa ń gan tí mo bá jí. Ó ń dùn mí." Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ èsì tí mo fún ọmọ: "Ara ọ̀lẹ ló máa ń sọ̀rọ̀." Kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ní pápá ilé-ìwé kan ní Ibafo, mo fọn fèrè, ó gbéra. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá tí mo fi gbọ́ ìró kan, pàù! Ó ṣubú, ó bojú wẹ̀yìn, ó ń béèrè pé, "Ta ló gbá mi nípàá?" Kò sẹ́ni kankan lẹ́yìn rẹ̀. Èmi nìkan ló wà nínú pápá náà, fèrè ṣì wà lẹ́nu mi.

Iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ló já pátápátá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn, wọ́n rán an pọ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Olúfúnṣọ́, òun ló ń kọ́ ọ bí yóò ṣe tún máa fi ẹsẹ̀ náà rìn, ló jókòó tì mí tó ṣàlàyé. Ó ní iṣan yẹn ni okùn tó so ẹran ẹsẹ̀ mọ́ egungun. Tí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ pẹ́, okùn náà á dẹ̀, agbára tó lè gbà yóò sì dín kù. Eré ìdárayá ló máa ń mú un le padà, àmọ́ ẹrù wúwo tí a rọra ń gbé ni, fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ẹran máa ń yára, bàbá," ló wí. "Iṣan kì í yára. Ẹran ẹsẹ̀ ọmọ yín ti lágbára ju okùn tó so ó lọ." Kò bá mi wí. Ká ní ó bá mi wí ni, ì bá sàn fún mi.

Wọ́n ní yóò rìn dáadáa. Ó ṣeé ṣe kó sáré díẹ̀. Ṣùgbọ́n irú eré tó ń sá tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ká má fọkàn sí i. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́, kò sunkún. Ó kàn béèrè bóyá òun lè máa lọ sílé.

Láràárọ̀ báyìí, á di irin ojú fèrèsé mú, á rọra gbé gìgísẹ̀ sókè, á rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ní kí n máa bá a ka iye rẹ̀. Ó ní, "Rárá, sà. Mo lè kà á fúnra mi." Àǹtí mi, ọmọ yìí ò pè mí ní sà rí láyé rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, tí ara yín bá gbà á, ẹ wá bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí kò lè sọ fún mi, á sọ ọ́ fún yín.

Kí Allah dá yín sí fún wa, kó fún orúnkún yín ní ìrọ̀rùn, kó má sì jẹ́ ká fọwọ́ ara wa ba ohun tí a fẹ́ràn jẹ́.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wọ̀nà fún yín,
Yaqub.

Àfikún: Àjíbíkẹ́ ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n pa ibi tí mo ti ní èmi ni mo kọ̀ rẹ́. Ó ní òun náà ló gbà láti sáré, torí òun ò fẹ́ kí ojú tì mí. Mi ò pa á rẹ́.