Ó Ń Ṣiṣẹ́

Bàámi,

Mo kí yín o. Ara mi le koko, kò sí wàhálà kankan níbí.

Mo rí fọ́tò tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ tí ẹ rà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní ẹ dá ìkọ̀wé mi mọ̀ lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ sì ń fi han gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń tún rédíò ṣe pé, "Ọmọ mi ló yẹ̀ ẹ́ wò!"

Bàámi, mi ò yẹ nǹkan kan wò. Òfin ìlú òyìnbó níbí ni pé ẹ̀rọ tó ti kú kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òkun. Ìyẹn ni ọ̀gá wa ṣe fún mi ní bírò, kí n máa kọ "Ó ń ṣiṣẹ́" sára gbogbo wọn. Òmíràn ò tiẹ̀ ní wáyà nídìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn aṣọ́bodè wá. Wọ́n tan mẹ́ta tó dáa tá a dìídì tò síwájú kọ̀ǹténà, wọ́n lu òǹtẹ̀, wọ́n ní a kú iṣẹ́. Iṣẹ́ wo?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra èyí tí ìkọ̀wé mi bá wà lára rẹ̀ mọ́. Ẹ má sì sun wáyà wọn yọ kọ́pà mọ́; èéfín yẹn ló wà nídìí ikọ́ yín.

Ẹ bá mi kí màmá mi, ẹ ní mo ti sanra. Nínú gbogbo ohun tí mo fọwọ́ mi kọ lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́tà yìí nìkan ni kì í ṣe irọ́, tí ẹ bá yọ ti ara líle àti ti sísanra kúrò.

Èmi ni,
Ọmọ yín, akọ̀wé.