Àgbàdo Inú Ìgbẹ́ Ẹṣin

Dáúdà,

Mo ti lọ sí Ìbà. Láàárọ̀ yìí ni mo bá àwọn adìyẹ tí wọ́n ń ṣa àgbàdo jẹ nínú ìgbẹ́ ẹṣin Bàbá. Odidi ló ń jáde, torí ẹṣin tí kò léyín gidi lẹ́nu mọ́ lò ń da àgbàdo gbígbẹ fún. Adìyẹ ń sanra, ẹṣin ń rù, ìwọ ń pariwo pé ọyẹ́ ló ń mú un rù. Ọyẹ́ kọ́, ìwà ọ̀lẹ ni.

Èérí ògì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó fún un, kí o sì gé koríko tútù létí omi lójoojúmọ́, kódà bó bá sanra tán.

Bàbá ń bọ̀ lọ́la. Má gbá ìgbẹ́ náà o. Ẹṣin ò lè sọ̀rọ̀; ìgbẹ́ yẹn ni yóò bá a rojọ́ rẹ fún Bàbá.

Mosúnmọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ