Ìgbátí Tí Wọ́n Ní Kí Ìyá Mi Gbá Àbúrò Mi

Yàrá Kọkànlá,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
Yunifásítì.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Yẹ Fíìmù Wò.

Ẹ̀yin Ọ̀gá mi,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ FI ÀLÀYÉ ṢÁÁJÚ ÌRAN ÌGBÁTÍ NÍNÚ FÍÌMÙ TÍ WỌ́N YÀ NÍ ILÉ WA

1. Mo mọ̀ pé ọgbọ̀n ọjọ́ ni ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ẹ̀hónú. Òní jẹ́ ọjọ́ kẹtàléláàádọ́ta tí fíìmù náà ti jáde. Akọ̀wé yín tó wà lójú fèrèsé ní kí n má wulẹ̀ dá ara mi láàmú. Síbẹ̀, mo kọ ọ́. Ẹ foríjì mí.

2. Fíìmù náà dá lórí ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá tó ń dàgbà láàárín ẹbí rẹ̀. Àbúrò mi ni ọmọ náà. Ìyá wa, tó jẹ́ aránṣọ, ni ìyá inú fíìmù. Olùdarí ní kí wọ́n kàn máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé.

3. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin, ó ní kí Màmá gbá àbúrò mi létí. Màmá béèrè pé, "Kí ló ṣe? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ abọ́ tán?" Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àbúrò mi ló wá sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbá mi ká lè lọ jẹun." Màmá gbá a. Kíá ló bú sẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tó ń ya fíìmù.

4. Nínú fíìmù, ìgbátí nìkan ló wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ di ẹrù, tó sá kúrò nílé. Mo pe olùdarí. Ó ní àwọn ti pa ẹ̀rín yẹn rẹ́, kò sí níbì kankan mọ́.

5. Láti ìgbà tí fíìmù náà ti jáde, àwọn ọmọ àdúgbò a máa fi ọwọ́ bo etí bí Màmá bá ń kọjá. "Ìyá Ìgbátí" ni wọ́n ń pè é. Oníbàárà kan wá kó aṣọ ọmọ rẹ̀ tí Màmá kò tíì rán tán. Ó ní irú ọwọ́ yẹn kò ní wọn ọmọ òun. Bàbá ní ká gba kámú.

6. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Èmi ni mo ka ìwé àdéhùn fún Màmá kó tó fọwọ́ sí i. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí láti kọ́ ìmọ̀ òfin nígbà náà, gbogbo ilé sì ti ń pè mí ní Lọ́yà. Ojú ewé kẹta, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé olùdarí lè gé ohun tó bá wù ú, kò yé mi. Ojú tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Kò sí wàhálà níbẹ̀, Màmá." Mi ò tíì jẹ́wọ́ fún un.

7. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ, ṣáájú ìran náà: pé wọ́n ní kó gbá a ni. Mo mọ̀ pé àwọn tó ti wò ó kò ní padà wá kà á. Bóyá mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n láti kékeré, Màmá ló ń dirun fún àbúrò mi. Ní Sátidé tó kọjá, ó ní kó lọ sọ́dọ̀ onídìrí. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bàa tún rí ọwọ́ òun lórí ọmọ náà.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí, bí ẹ bá kà á.

Èmi ni tiyín,
Ẹ̀gbọ́n ọmọ inú fíìmù náà,
Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, Ẹ̀ka Ìmọ̀ Òfin.