Awò Ìbọn Bàbá

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọdẹ, ẹ sì kú ìnira orúnkún. Awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú, tẹ́ ẹ ní kí n rà sórí ìbọn yín, ti wà nílẹ̀. Uncle Ọlábọ̀wálé máa gbé e bọ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù bi mí pé báwo ni ẹran ṣe máa ń jìnnà tó. Mo ní bí orí igi tẹ́ ẹ ti ń ṣọ́ wọn sí etídò. Ó rẹ́rìn-ín. Lèmi àti Rahmah ìyàwó mi bá lọ fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n ní títì Rye Lane níbí, láti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ja dé station. Ẹ̀ẹ̀mejì péré la jókòó sinmi.

Nígbà tá a padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo kọ́kọ́ gbé awò tó lágbára jù sójú. Ilé òdìkejì títì ń mì tìtì. Ọkùnrin náà ní bí awò bá ṣe lágbára tó ló ṣe ń fi gbígbọ̀n ọwọ́ hàn tó. Mo ní òtútù ni, bẹ́ẹ̀ oòrùn July ló wà níta. Ó ní èyí tó kéré ti tó yín.

Ìkọ̀wé Rahmah lẹ̀ ń kà yìí, shift iṣẹ́ ló pọ̀ fún mi. Ẹ bá mi kí Mummy, ẹ ní mo ti sanra. Rahmah ní kí n fọwọ́ síwèé fúnra mi, ó kéré tán. Mo ní kó bá mi kọ orúkọ mi síbẹ̀.

Ọmọ yín,
Waris