Géèmù Tí Wọ́n Tún Ṣe, Tí Wọ́n sì Yọ Èèyàn Kúrò Nínú Rẹ̀

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà àwa tí a lọ tí a ò tètè bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níbi tí mo wà yìí. Ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́ tó ń ka ìwé yìí sí yín létí, mo kí i. Ẹ sọ fún un kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan torí pé tíṣà ni, tó wá rò pé òun ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Okun o, gbogbo agboolé. Mo ní kí àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ Kábbà níbí gbé e jáde pẹ̀lú, kí ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí fún ọmọ rẹ̀ lè mọ ohun tó ń rà.

Ara mi le. Òtútù ìlú yìí kò rí mi gbé ṣe. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n pe oṣù tó kọjá, síbẹ̀ súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù táyà mi dúró gbọn-in. Èmi tí mi ò kọjá pírámárì mẹ́ta, tí oko ń dúró dè nílé, èmi náà ni àwọn òyìnbó tó kàwé kàwé ń bẹ̀ lónìí nígbà tí táyà wọn bá bẹ́. Kò sẹ́ni tó fà mí lọ́wọ́ débẹ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni. Owó òrùlé tí mo fi ránṣẹ́, mo gbọ́ pé ó ti dé. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe é. Ilé ọmọ tó là kì í ṣe ilé tí afẹ́fẹ́ yóò máa ká lórí.

Ilé tèmi níbí ló dákẹ́. Láti ìgbà tí ìyá Bùkọ́lá ti kú, tí Bùkọ́lá fúnra rẹ̀ sì ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánádà, bí mo bá gbé ife kalẹ̀, mò ń gbọ́ ìró rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni ọmọ yẹn ń pè mí. Ó ń pè ni o, mi ò sọ pé kò pè, ṣùgbọ́n kí n tó fìdí kalẹ̀ ló ti ń dágbére. Ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mo ní láti ti orí géèmù débẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ kékeré kan ni, bí ọṣẹ gbọọrọ tí wọn ò tí ì gé. Ọwọ́ méjèèjì lẹ ó fi dì í mú, àwòrán yóò máa rìn lójú ẹ̀. Ẹ ó wọ igbó, ẹranko abàmì yóò yọ sí yín. Ẹ ó ní kí ẹranko tiyín bá a jà títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ẹ ó ju àwọ̀n bò ó, ó di tiyín nìyẹn. Ẹ ó bọ́ ọ, ẹ ó kọ́ ọ níjà, títí ẹ ó fi na gbogbo ọ̀gá tó wà nínú ìlú náà.

Nígbà tí Bùkọ́lá wà ní kékeré, tí yàrá kan ṣoṣo ń gba àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ra ẹ̀rọ náà méjì níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún mi. Géèmù ìgbà yẹn kì í sọ̀rọ̀. Kíkọ ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀, òyìnbó sì ni. Òyìnbó tèmi nígbà náà kò tí ì kọjá orúkọ táyà. Bùkọ́lá ló ń kà á fún mi. Yóò jókòó tì mí, yóò fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ, yóò ní Dádì, bàbá arúgbó yìí ní kí á má gba etí odò o. Èmi á ní irọ́ ló ń pa, etí odò náà la ó gbà. A ó gbabẹ̀, wọ́n á sì nà wá ní ìnàkunà. Á kọjú sí mi, á ní, ṣé mi ò wí fún yín, Dádì olórí líle? Ìyá rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín láti ìdí sítóòfù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ìwé nìkan ló ń kà. Ní ti ìjà, èmi ni mo mọ ìgbà tó yẹ ká sá àti ìgbà tó yẹ ká dúró. Gbogbo ọ̀gá tó wà nínú géèmù náà ni mo nà, láìlọ ilé ìwé kankan fún un.

Ẹranko kan wà nínú rẹ̀ tó jọ ìjàpá, òkúta ló gbé sẹ́yìn. Ó lọ́ra, ó burẹ́wà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti wù kí wọ́n lù ú tó, kì í ṣubú. Bùkọ́lá sọ ọ́ ní Kábbà. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ Kábbà. Ó ní nítorí Màmá Kábbà ni, torí mo máa ń sọ fún un pé gbogbo nǹkan ló ti kọ lu Màmá, wọn ò rí i gbé ṣubú. Ẹ̀yin ni o, Ìyá mi. Ẹ má bínú. Kò tí ì fojú kàn yín rí nígbà náà.

Ẹranko òkúta yìí, kì í dàgbà lọ́wọ́ ẹni tó mú un. Ẹ lè bọ́ ọ títí, bó ṣe wà náà ni yóò wà. Àfi kí ẹ fi wáyà so ẹ̀rọ yín mọ́ ti ẹlòmíràn, kí ẹ fi í ránṣẹ́ sọ́hùn-ún, kí onítọ̀hún fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Bó bá ti gúnlẹ̀ báyìí, òkúta ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ru sókè, yóò di òkè ńlá bí àwọn òkè tó yí wa ká nílé. Lẹ́yìn náà kálukú yóò dá ti ẹnì kejì padà. Wáyà ọ̀hún kúrú, kò lè dé ẹnu ọ̀nà. Orúnkún wa ń kan ara wọn bí a bá ń ṣe é.

Mo sọ fún Bùkọ́lá nígbà náà pé àáró ni wọ́n ń pe irú èyí lọ́dọ̀ wa. Mo ní Bàbá mi àti àwọn ará Odò-Àpé, bí wọ́n bá kọ ebè tán lóko tiwa lónìí, oko tiwọn ló kàn. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń búra. Ẹni tó bá jẹ iṣu yín, tó lo ọkọ́ yín, ẹ mọ̀ pé ẹ ó rí i. Ọmọ náà ní ó yé òun. Ó dá Kábbà padà fún mi pẹ̀lú òkè lẹ́yìn.

Wọ́n ti wá tún géèmù náà ṣe báyìí. Bùkọ́lá fi í ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ ìbí mi, òun pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun. Ó ní òun náà ti ra tòun, pé a ó jọ máa ṣe é lọ́jọ́ Àìkú, pé íńtánẹ́ẹ̀tì ló di wáyà wa. Ìyá mi, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ti ṣọ́ọ̀bù ṣáájú àkókò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò pé ara mi ò yá. Kí ọmọ mi tún jókòó tì mí, ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa géèmù náà, torí mi ò ní parọ́ mọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ó rẹwà. Ewé ń mì, omi ń dán, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóòórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Orin rẹ̀ ni orin àtijọ́ gan-an, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ orin lù ló lù ú. Nígbà tí mo gbọ́ ti ìlú àkọ́kọ́, mo gbé e sílẹ̀, mo lọ fọ ojú.

Ìyìn mi tán síbẹ̀. Àkọ́kọ́, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ sókè báyìí. Bàbá arúgbó etí odò ti ní ohùn, ohùn náà sì dà bí ti ẹni tó ń ka ìròyìn. Ta ló bẹ̀ ẹ́? Nígbà tí ohun gbogbo ti ń ka ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ni ọmọ fẹ́ wá kà fún bàbá rẹ̀? Ìkejì, àmì kan ń fò níwájú yín tó ń sọ pé ẹ yà síbí, ẹ yà sọ́hùn-ún, bí ẹni pé afọ́jú ni yín. Ẹ ò lè ṣìnà bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ ṣìnà. Ìkẹta, bí ẹranko yín kan bá jà, gbogbo àwọn yòókù tó ń sùn nínú àpò ló ń lágbára pọ̀ mọ́ ọn. Èmi tí mo fi eyín já wáyà táyà ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé! Ẹni tó jókòó sílé, wọ́n gbé agbára wá bá a níbẹ̀. Ṣé ohun tí a fẹ́ kọ́ ọmọ nìyẹn?

Ọmọ ìlú Ẹ̀júkù kan ń gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi. Ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣe é, ó ní áà, Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí irùngbọ̀n yín ti funfun báyìí, ewúrẹ́ lẹ̀ ń lé kiri inú gíláàsì? Mo ní kó lọ gẹrun. Ó ní kí n bá òun mú ìkan fún ọbẹ̀.

Mo mú ẹranko òkúta, mo sọ ọ́ ní Kábbà, mo ń dúró de ọjọ́ Àìkú. Bùkọ́lá pè, ó ní iṣẹ́ ti mú òun, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ rẹ̀ ń bá ibà jà. Èyí tó tẹ̀ lé e, kò pè. Mo jókòó pẹ̀lú ẹ̀rọ lórí itan. Ìgbà náà ni obìnrin inú géèmù náà fi ohùn dídùn sọ fún mi pé kò pọn dandan kí n dúró de ẹnikẹ́ni, pé bí mo bá tẹ ibí, ẹnì kan níbì kan láyé ti ṣe tán láti ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú mi.

Mo tẹ̀ ẹ́. Kábbà lọ. Mo rí i tí òkúta ẹ̀yìn rẹ̀ ń ru sókè, kí n tó wò ó tán, ojú ẹ̀rọ ti ṣú. Ẹyẹ kan ló bọ́ sọ́wọ́ mi, tó ní iná nídìí, tí ẹnu mi ò lè pe orúkọ tí olówó rẹ̀ fún un.

Ìyá mi, mo tọ́jú ẹyẹ náà. Mo bọ́ ọ, mi ò sì gbé e lọ sójú ìjà kankan, torí ohun olóhun ni. Ṣé èèyàn ń fi ọkọ́ aláàáró rẹ̀ kọ ilẹ̀ olókùúta ni? Mo ń retí kí onítọ̀hún mú Kábbà wá kí ó gba ẹyẹ rẹ̀. Ó pẹ́, n kò rí i. Mo wá ibi tí mo lè gbà ránṣẹ́ sí i, kò sí. Wọn ò fi àyè sílẹ̀ kí ẹ kí ẹni tó gba nǹkan lọ́wọ́ yín. Mo sọ ọ́ fún ọmọ Ẹ̀júkù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àga oníbàárà. Ó ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ fa ewúrẹ́ yín fún àlejò ní gáréèjì, ẹ wá ń dúró kó fà á padà wá? Ó ní ọkọ̀ ti gbéra o!

Mo pe Bùkọ́lá. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní Dádì, wọn kì í dá a padà, ó ti lọ nìyẹn. Mo ní Kábbà ni o. Ó ní Kábbà báwo? Mo ní orúkọ ẹranko náà. Ó ní ẹ mú òmíràn, wọ́n pọ̀ nínú igbó. Mo rí i pé kò rántí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó pè lóòótọ́, ó ní ẹ̀rọ ti wà lọ́wọ́ òun, kí n tètè fi nǹkan ránṣẹ́ kí ọmọ tó jí. Ẹyẹ yẹn nìkan ló tó fi ránṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní mi ò ní. Ó ní kí n fi ẹyẹ náà ránṣẹ́. Mo ní kì í ṣe tèmi. Ó ní Dádì, ẹ̀yin náà. Ọmọ ké, ó ní òun ń lọ.

Bí wọ́n bá ní kí n fún géèmù yìí ní máàkì nínú mẹ́wàá, mẹ́rin ni mo fún un, ti orin ni mẹ́ta nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á fún ọmọ, tí ẹ bá rí ti àtijọ́, tòun ti wáyà rẹ̀, òun ni kí ẹ rà.

Mo ti mú ẹranko òkúta mìíràn. Kí tíì mi tó tutù ni mo ti mú un, bí wọ́n ti sọ géèmù náà di ti ọ̀lẹ tó nìyẹn. Mo sọ òun náà ní Kábbà. Obìnrin olóhùn dídùn náà ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá kí ó wá ẹnì kan fún mi. Rárá ni mò ń tẹ̀.

Ìyá mi, Bùkọ́lá kò lè ka ìwé yìí, torí kò mọ Yorùbá kà, ẹ má bi mí pé ẹ̀bi ta ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń pè yín. Bó bá pè, ẹ má sọ fún un pé mò ń retí rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ máa retí ọmọ tí mo bí sí? Ẹ kàn sọ fún un pé bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, n kì í lọ ibì kankan mọ́.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹsẹ̀ yín kò ní yẹ̀, ẹ ó jókòó lábẹ́ òrùlé tuntun náà pẹ́ títí. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀ tó bá wá sọ́jà, ẹ ní mo wà láàyè, mo sì wà ní ipò ọ̀gá.

Èmi ni ọmọ yín,
Bámidélé