Bàbá Àfísátù, Mo Ti Dáhùn

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti lọ, Sàláúdéènì ọkọ mi. Ọdún mẹ́ta! Ọkọ̀ agbépákó tó pàdé yín lọ́nà Ayétòrò ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní Bàbá Àfísátù. Èmi ni mo ń pè yín bẹ́ẹ̀ báyìí.

Ilé tí ẹ fi sílẹ̀ ní Ìlaròó ti lórùlé. Kòkúmọ́ àbúrò yín ló bá wa kan páànù rẹ̀. Màmá yín ń bẹ lọ́dọ̀ wa, ẹnu wọn ṣì mú. Ọmọ yín ti ń sáré, olórí kunkun bíi yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yín ni mo bá wá. Èyí tí ẹ rà ní Kútọnu, tí lẹ́tà A rẹ̀ jókòó síbi tí Q yẹ kó wà, tí ìwé rẹ̀ jẹ́ èdè Faransé! Ẹ ní ẹ máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún un, kí n lè kúrò nídìí títẹ̀wé. Mo bẹ̀rẹ̀, ó sú mi, mo sá. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ẹ máa kọ ètò ẹ̀kọ́ náà sínú kásẹ́ẹ̀tì tí kọ̀ǹpútà lè kà, kó dè mí, ọjọ́ tó bá wù mí kí n padà wá.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ yín, mo ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọnú rẹ́díò tí ẹ so mọ́ ọn. Ó han fún ìgbà díẹ̀, ó dákẹ́, ọ̀rọ̀ bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n tí kọ̀ǹpútà náà ń lò: LABISI, SE O WA NIBE?

Ọ̀sán gangan ni o, oòrùn ń ta, àmọ́ òtútù mú mi. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé tí a bá gbọ́ orúkọ wa tí a ò rí ẹni tó pè, ká dákẹ́. Màmá yín pariwo pé n ò gbọdọ̀ dáhùn, pé ẹni tó bá dá òkú lóhùn á tẹ̀lé e ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé mo lóyún, n ò ní dá tẹ̀lé yín. Mo paná rẹ̀, mo faṣọ bò ó.

Lọ́dún yìí, wọ́n ń wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà ní Pólì, mo bá ṣí aṣọ náà. Mo ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ pátápátá! Edith, olùkọ́ Faransé, túmọ̀ ìwé náà fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ní kí ẹ̀rọ béèrè ọ̀rọ̀ kó sì dúró de èsì. Hà! Ohun tó lé mi sá, ìlà méjì péré ni, iṣẹ́ ọwọ́ yín. Mo tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo gbogbo ìlà ètò láìdá a lóhùn. Mò ń kà á lọ, mò ń fi ara mi rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe kan ìlà kan: OMOBINRIN WA NKO?

Ta ló sọ fún yín? Ẹ ti wọlẹ̀ kí èmi alára tó mọ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kásẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́yìn yín. Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ta ló sọ fún yín pé obìnrin ni?

Mo gbé Àfísátù lé ẹsẹ̀. Màmá yín dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń ṣàdúà. Mo tẹ BEENI. Ẹ béèrè ọmọbìnrin wa, mo ní ó wà, ó ti ń sáré. Ẹ̀kọ́ kìíní bá ṣí.

Mo ti ríṣẹ́ náà, Bàbá Àfísátù! Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló kù nínú kásẹ́ẹ̀tì, mi ò tíì ṣí i. Nígbà yẹn, ìpè yín ló ń bà mí lẹ́rù. Báyìí, bí ẹ ṣe máa dákẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Nítorí náà, láràárọ̀ ni mò ń ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọ̀ ọ́, kí ẹ lè béèrè bóyá mo wà níbẹ̀.

Mo wà níbẹ̀, olówó orí mi. Àárò yín ń sọ mí, ìfẹ́ yín ò dín lọ́kàn mi. Mo wà níbẹ̀ o. Ẹ ṣáà máa pè mí.